Aago Udoji tí mo lọ wá ní Lọ́ńdọ̀nù

Nígbà tí owó Udoji, àfikún owó oṣù tí ìjọba san fún àwọn òṣìṣẹ́, jáde ní 1975, tíṣà ni bàbá mi ní Àkúrẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi tiwọn ra alùpùpù, àwọn mìíràn ra rédíò. Bàbá mi ra aago ọwọ́ kan, Seiko 5. Aago yẹn ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó lu agogo iléèwé, òun náà ló wà lọ́wọ́ wọn nínú gbogbo fọ́tò tí a yà nígbà tí a wà lọ́mọdé. Ní 1993, ẹnì kan yọ ọ́ lọ́wọ́ wọn nínú èrò mọ́tò. Láti ìgbà náà, aago mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwa ọmọ ti rà fún wọn. Wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á súre, wọ́n á sì gbé e sínú dúrọ́ọ̀.

Nígbà tí mo wá rí ọ̀nà àtilọ lo ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Peckham, mo pinnu pé màá wá ẹnìkejì aago náà. Irú rẹ̀ lásán kò tó mi. Èyí tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ìgbà kan náà ni mo ń fẹ́.

Kí n tó lọ, mo kọ́kọ́ lọ jókòó ti Bàbá Alágo ní títì Ọba Adésidà, àwọn tó ti ń tún aago ṣe kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976. Mo mú ìwé tí wọ́n fún bàbá mi nígbà tí wọ́n ra aago náà dání, nítorí inú Bíbélì wọn ló ṣì wà. Nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6119.

Bàbá Alágo ní, “Ìyẹn ni orúkọ ẹ̀rọ inú rẹ̀. Dá a mọ̀ dáadáa.” Wọ́n yọ òkú Seiko kan jáde nínú agolo, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n sì fi hàn mí pé ẹ̀yìn aago ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́fà kan wà níbẹ̀: èyí tó ṣáájú ni nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn nínú ọdún tí wọ́n ṣe é, èkejì ni oṣù. Oṣù Kẹwàá jẹ́ 0, Oṣù Kọkànlá jẹ́ N, Oṣù Kejìlá jẹ́ D. Mo bi wọ́n pé báwo ni èèyàn á ṣe mọ̀ bóyá 1974 ni 4 ń sọ tàbí 1984. Wọ́n ní ẹ̀rọ inú ló ń là á: kò sí 6119 ní 1964, wọ́n sì ti pa á tì kí 1984 tó dé.

Wọ́n tún fi hàn mí pé nọ́ńbà tín-ín-tín kan wà nísàlẹ̀ ojú aago, lẹ́bàá ibi tí mẹ́fà wà, tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ bíi ti ẹ̀yìn. Bí kò bá sí níbẹ̀, wọ́n ti kun ojú rẹ̀ lọ́dà tuntun nìyẹn. Wọ́n ní kí n má fa orí rẹ̀ pé mo fẹ́ wáìn ín, nítorí aago yìí kì í jẹ wáìn: ọwọ́ ẹni tó so ó ló ń bọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ epo ni wọ́n fi parí rẹ̀. “Bí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé wọn ò ṣí i rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, má jẹ́ kí inú rẹ dùn. Epo inú rẹ̀ ti gbẹ, irin ló ń jẹ irin.” Wọ́n yá mi ní awò kékeré tí wọ́n ń há sójú.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo kọ́kọ́ jáde. Mo gba Burlington Arcade kọjá, ọ̀nà olórùlé tó kún fún ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ṣí ní 1819. Rolex àtijọ́ tò sínú gíláàsì níbẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n kì í ṣe tèmi. Ilé ìwòràwọ̀ àtijọ́ ní Greenwich ló dá mi dúró. Àwọn aago tí John Harrison, káfíńtà, ṣe fún àwọn atukọ̀ ojú òkun wà níbẹ̀. Mẹ́ta tó kọ́kọ́ ṣe ṣì ń ṣiṣẹ́. Èyí ẹ̀kẹrin, H4, tó parí ní 1759, tó sì kéré jù, wọn ò jẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí òun ló nílò epo, bó bá sì ń ṣiṣẹ́ lọ, á máa jẹ ara rẹ̀. Mo dúró síwájú rẹ̀ pẹ́. Ohun tí Bàbá Alágo sọ fún mi lórí bẹ́ǹṣì ní Àkúrẹ́ náà ni mo ń wò yẹn.

Sátidé ni ọjà nǹkan àtijọ́ ní Portobello Road máa ń kún jù. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi bọ́ọ́lẹ̀ ní Notting Hill Gate ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, a sì fẹsẹ̀ rìn wọ ibẹ̀. Ìyá kan pàtẹ aago sórí aṣọ dúdú, Seiko 5 aláwọ̀ búlúù kan sì ń tàn láàárín wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ti ní, “Òun nìyẹn!” Mo gbé awò sójú. Lẹ́tà rẹ̀ nípọn, etí wọn ò mú, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ò sì sí. Mo dá a padà, mo dúpẹ́.

Ọkùnrin kan tún sọ fún mi pé ti àwọn ọdún 1960 ni tòun. 7009 ni mo rí lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ tí kò tíì sí rárá nígbà yẹn. Ẹlòmíì ò gbà láti ṣí tirẹ̀ fún mi. Ó ní ó ń ṣiṣẹ́, kí ni mo tún ń wá? Mo fi í sílẹ̀. Nílé wa, a máa ń tú àpò ẹ̀wà wò kí a tó san owó, ẹni tó bá sì tà á kì í bínú.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ebi ti ń pa ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sì ti ń wo ojú mi. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tí àwọn ọlọ́jà kéékèèké kún ni mo ti wá rí i, lọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan tó kó àwọn aago sínú páànù bísíkíìtì, tí gíláàsì wọn sì ti họ. Ojú rẹ̀ funfun bíi fàdákà, ó ti pọ́n díẹ̀ létí. Ṣéènì rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Mo yí i padà: 6119. Mo wo nọ́ńbà kejì, 4 ló ṣáájú, 7 ló tẹ̀ lé e. Oṣù Keje, 1974. Ọwọ́ mi gbọ̀n.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ lè ṣí i fún mi?” Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó mú irinṣẹ́. Kò sí ìpẹtà kankan nínú rẹ̀. Lára ìdérí ẹ̀yìn, nínú lọ́hùn-ún, ẹnì kan ti fi abẹ́rẹ́ kọ déètì ọjọ́ tó tún un ṣe, bí àwọn atúnaagoṣe ṣe máa ń ṣe. Ohun tí mo ń fẹ́ gan-an nìyẹn: ẹnì kan ti tọ́jú rẹ̀ rí. Mo rọra gbọ̀n ọ́n, ọwọ́ tín-ínrín tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Pọ́n-ùn márùndínlọ́gọ́rin ni wọ́n pè é. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì gba ọgọ́ta nítorí pé owó wà lọ́wọ́ mi.

(Àwọn kan ti sọ fún mi pé kí n gba owó orí ọjà padà ní pápákọ̀ òfurufú. Wọ́n ti fòpin sí ìyẹn fún àlejò láti ìbẹ̀rẹ̀ 2021.)

Ní Àkúrẹ́, Bàbá Alágo fọ̀ ọ́, wọ́n fi epo sí i, wọ́n pààrọ̀ gíláàsì rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún ló lò lọ́dọ̀ wọn kí wọ́n tó ní kí n máa gbé e lọ.

Bàbá mi gbà á lọ́wọ́ mi, wọn ò bi mí pé èló ni. Wọ́n gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n gbé e sétí. Lẹ́yìn náà, àtàǹpàkò wọn lọ tààrà síbi orí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rin, tí n kò tíì fi hàn wọ́n, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ wọlé níkọ̀ọ̀kan. Déètì ń yí: ẹẹ́sàn-án, ẹ̀wá, ọ̀kànlá, títí ó fi dé ti ọjọ́ náà. Wọ́n na ọwọ́ òsì sí mi.

“Wá bá mi de ṣéènì yìí.”