Bí ẹ ṣe lè fi irin fa jíìpù tí a ti gbé sókè, láti Mushin títí dé Ẹ̀pẹ́

Ọdún 19 rèé tí mo ti ń gbé jíìpù sókè ní Mushin, kò jìnnà sí Ládípọ̀. Àwọn tó ni wọ́n máa ń fẹ́ gbé e lọ sínú iyanrìn lápá Ẹ̀pẹ́. Wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa yí nílẹ̀, nítorí bí jíìpù bá bàjẹ́ lọ́hùn-ún, píkọ́ọ̀pù á fà á délé. Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ ìwé tó bá ọkọ̀ náà wá láti ilé iṣẹ́ kò mọ ohun tí a ti ṣe sí i lára.

Okùn tí a fi ń fa dáńfó lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ fi sílẹ̀. Okùn lè fa ọkọ̀, kò lè dá a dúró. Irin ìfàkọ̀ alápá méjì tó rí bíi lẹ́tà A ni ẹ nílò, kò sì gbọdọ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú jíìpù tí ẹ ń fà.

Gíga ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Wrangler 2004 kan wà níwájú mi báyìí: a fi sípíríìn gbé e sókè ní ínṣì 4, a sì mú táyà rẹ̀ kúrò ní ínṣì 30, ó di 35. Nínú ínṣì 5 tí táyà fi lé sí i, ìdajì rẹ̀ ló ń gbé ọkọ̀ sókè. Gbogbo rẹ̀ wá di ínṣì 6½. Bí ẹ bá so bọ́ńpà rẹ̀ mọ́ píkọ́ọ̀pù tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, irin ìfàkọ̀ á dagun. Ẹ tẹ bíréèkì, jíìpù á sì fẹ́ gun píkọ́ọ̀pù lẹ́yìn. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi lórí Third Mainland lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀. Dáńfó kan já síwájú mi, mo tẹ bíréèkì, ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù mi rì, sítíárìn sì fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bí ìgbà tí èèyàn di korobá òfìfo mú. Ọlọ́run ló yọ mí.

Nítorí náà, ẹ gbé ọkọ̀ méjèèjì sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ wọn láti ilẹ̀ dé ibi tí irin ti so mọ́ jíìpù, kí ẹ wọn láti ilẹ̀ dé ìkọ́ píkọ́ọ̀pù. Ìyàtọ̀ wọn kò gbọdọ̀ ju ínṣì 3 lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ ra ìkọ́ alákàsọ̀ tó máa gbé ojú ìkọ́ píkọ́ọ̀pù sókè. Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà ẹ̀bá ọ̀nà fi irin àlòkù jó o pọ̀ fún yín.

Bọ́ńpà onírin tí a rọ níbí náà ń dẹ́rù bà mí. Etí tí irin ìfàkọ̀ máa mú gbọ́dọ̀ fi bọ́ọ̀tù wọ ṣàsí. Bọ́ńpà nìkan ò tó. Ẹ fi ṣéènì méjì sí i, kí wọ́n gba abẹ́ irin kọjá ara wọn, kó lè jẹ́ pé bí irin bá já, orí ṣéènì ló máa bọ́ sí, kò ní fi orí gún títì.

Gíà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe. Ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi gíà ńlá sí nútírà, kí ẹ tó ti ọ̀pá kékeré tí ẹ fi ń yan fóò-wíìlì sí N. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì padà, ẹ fi gíà ńlá sí D, ẹ rọra tú bíréèkì. Bí ọkọ̀ bá sún, bó ti wù kó kéré mọ, N ò tíì wọlé. Bí kò bá sún, ẹ pa á, kí ẹ dá gíà ńlá padà sí P. Bó bá jẹ́ oníkílọ́ọ̀ṣì, ẹ fi í sí gíà kìíní. Ẹ má fi í sílẹ̀ sí nútírà. Àwọn oníbàárà mi máa ń bá mi jiyàn lórí èyí, àmọ́ bí gíà ńlá bá wà ní nútírà, gíà kékeré, ìyẹn èyí tí ọ̀pá fóò-wíìlì ń darí, lè máa wọ́ ọ yí díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì ti kú, kò sí pọ́ǹpù tó ń gbé òróró fún un. Gíà kékeré ní pọ́ǹpù tirẹ̀, ṣáfútù ẹ̀yìn ló ń yí i. Ẹ tú bíréèkì ọwọ́, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ kí sítíárìn má ti pa. Ọkọ̀ fóò-wíìlì tí kò ní N yìí, bíi RAV4, ẹ má fà á báyìí rárá. Ẹ gbé e sórí ọkọ̀ onípẹpẹ.

Kò sẹ́ni tó di sítíárìn jíìpù mú, táyà iwájú fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà. Bí ẹsẹ̀ iwájú ṣe fara tì sẹ́yìn díẹ̀ ló ń dá táyà padà sí ọ̀gangan, gbígbé ọkọ̀ sókè sì máa ń dín ìyẹn kù. Ẹ ṣe aláìmẹ́ǹtì lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e sókè, kí ẹ sì mi gbogbo jọ́ńtì sítíárìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń mì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé.

Ẹ fa wáyà iná dé ẹ̀yìn jíìpù: iná bíréèkì, iná ìyàbàrá. Bí owó bá wà, ẹ ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé síwájú àga dírẹ́bà láti máa bá yín tẹ pẹ́dàlì bíréèkì jíìpù. Èmi kì í jáde láìsí i.

Aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń gbéra, n kì í kọjá 60 lórí aago. Ẹ ya kọ́nà gbòòrò. Ẹ má fi rẹ́fáàsì rárá: táyà iwájú á ya, á sì tẹ irin. Bí ẹ bá há sí àdúgbò kan, ẹ tú u.

Third Mainland ju kìlómítà 11 lọ, kò sì sí ibi tó dáa láti yà sí lórí rẹ̀. Nítorí náà, ní ilé epo kan kí n tó gun afárá ni mo ti ń dúró. Mo máa ń mi gbogbo píìnì, mo wo ṣéènì, ọmọ iṣẹ́ mi á sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ àárín táyà kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ bákan náà. Lọ́jọ́ kan, tọ̀tún ẹ̀yìn gbóná débi tó fi yára fa ọwọ́ padà. Bíréèkì ọwọ́ ló há. A tú u níbẹ̀, a dúró kó tutù fún ìṣẹ́jú 40, kí a tó gun afárá.