Bí Mo Ṣe Díye Lé Àwọn Báàjì Ìpolongo Ìbò Bàbá Mi

Mo san 15,000 náírà fún ọkùnrin kan tó ń ta ohun àtijọ́ nílùú Ìbàdàn kí ó lè bá mi díye lé àwọn báàjì ìpolongo ìbò tí bàbá mi fi sílẹ̀, ọṣẹ àti omi ni ó sì fi ba èyí tó dára jù lọ nínú wọn jẹ́. Inú ṣì ń bí mi bí mo ti ń kọ èyí.

Ọmọ ẹgbẹ́ UPN (Unity Party of Nigeria), ẹgbẹ́ òṣèlú Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ni bàbá mi. Nínú àpótí wọn ní Òkè-Àdó ni a ti bá àwọn báàjì, pósítà, káàdì ọmọ ẹgbẹ́ wọn, àti báàjì kan tó ní àmì Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group, ẹgbẹ́ tí Awólọ́wọ̀ kọ́kọ́ darí ṣáájú UPN. Títò wọ́n àti yíyà wọ́n ní fọ́tò kò gba wàhálà.

Wàhálà dé nígbà tí ọkùnrin náà gbowó tán, tó ní kí n fi ẹrù sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè é, “ẹ máa bọ̀ lọ́la” ni. Nígbà tí mo rí wọn gbà, báàjì tó ní àwòrán Awólọ́wọ̀ ń dán yanran. Mo ní, “Bọ̀dá, kí ni ẹ fi wẹ̀ ẹ́?” Ó ní, “Àǹtí, ta ni yóò ra ohun tó dọ̀tí lọ́wọ́ yín?” Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àbàwọ́n pupa rúsúrúsú kan ti ń rìn láti etí báàjì náà, ó ti bo fìlà Awólọ́wọ̀, ó kù díẹ̀ kó kan awò ojú wọn.

Ẹni tó bá ti yí ẹ̀yìn irú báàjì bẹ́ẹ̀ wò dáadáa yóò mọ ohun tó fà á. Ìwé tí wọ́n tẹ àwòrán sí ni ó wà lórí páànù. Wọ́n fi ike tín-ínrín tó mọ́ gaara bò ó, wọ́n ká etí rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n sì fi òrùka irin há a mọ́lẹ̀. Kò sí ohun tó dí etí òrùka náà. Omi gba ibẹ̀ wọlé, ìwé fà á mu, páànù bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún lábẹ́, kò sì sí bí a ṣe lè nù ún kúrò láti òkè. Ẹni tó fẹ́ san 40,000 náírà nígbà tó rí fọ́tò àkọ́kọ́ kò san ju 12,000 lọ mọ́.

Iṣẹ́ tí mo tìtorí rẹ̀ sanwó gan-an, kò ṣe é. “1979” ni ó kọ fún gbogbo ohun tó jẹ́ ti UPN, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ náà du ìbò 1979 àti ti 1983 kí àwọn ológun tó gbàjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983. Mo jókòó, mo ṣe é fúnra mi, orí mi sì ń wú títí di òní. Orúkọ igbákejì tó bá Awólọ́wọ̀ dupò ààrẹ ni mo ń wá: Philip Umeadi ni Awólọ́wọ̀ mú ní 1979, Muhammadu Kura ni wọ́n mú ní 1983. Orúkọ Kura ni mo bá lórí pósítà tí ọkùnrin yẹn pè ní ti 1979! Pósítà Bọ́lá Ìgè kò là mí lójú tó bẹ́ẹ̀, nítorí òun náà ni ó dupò gómìnà Ọ̀yọ́ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Báàjì tó jẹ́ àwòrán Awólọ́wọ̀ àti lẹ́tà UPN nìkan ni ó wà lára rẹ̀, “1978 sí 1983” ni mo kọ fún un, ìyẹn gbogbo ọdún tí ẹgbẹ́ náà fi wà. Bákan náà ni ti Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, “1951 sí 1966”. Ní Amẹ́ríkà, òfin ti sọ ọ́ di dandan láti 1973 pé kí ẹni tó bá ṣe àdàkọ báàjì ìpolongo ìbò kọ ọdún tó ṣe é sí i lára. Níbí, ojú ẹni ni òfin.

Ẹ má jẹ́ kí adíyelé gbé báàjì kúrò lójú yín. Aṣọ rírọ̀ tó gbẹ ti tó fún eruku. Ẹ má sì ya báàjì nípa sí káàdì ẹni tó ni ín: èmi kò ní ta ti bàbá mi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí orúkọ wọn lórí káàdì náà ni ó fi hàn pé ọmọ ẹgbẹ́ gan-an ni ó lo báàjì wọ̀nyí.