Bí A Ṣe Lè Fi Omi Mímu Tọ́jú Ìṣesí àti Ìfọkànsí Ọmọ

Ọmọdé tí òùngbẹ ń gbẹ kì í sábà sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a máa ń rí ni pé ó ń kanra mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, pé orí ń fọ́ ọ, tàbí pé ó tẹjú mọ́ pátákó ìkọ̀wé ṣùgbọ́n ohun tí olùkọ́ ń sọ kò wọ̀ ọ́ létí. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ pé kí ẹ tó pe ọmọ ní ọ̀lẹ tàbí olóríkunkun lọ́sàn-án gangan, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ìgbà tí ó mu omi gbẹ̀yìn.

Bí omi bá dín lára, ọpọlọ á tú hòmóònù (èròjà tó ń jíṣẹ́ nínú ara) tí a ń pè ní vasopressin jáde kí kíndìnrín lè fi ìwọ̀nba omi tó kù pamọ́, hòmóònù yìí kan náà sì wà lára ohun tó ń ti ara láti tú cortisol, hòmóònù ìdààmú, jáde. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n fún lómi mu kí wọ́n tó dán ìfọkànsí wọn wò ṣe dáadáa ju àwọn tí kò mu lọ.

Ẹ fún ọmọ ní omi ife kan bó bá ti jí, kí ó tó mu ẹ̀kọ tàbí ògì, kí ẹ sì fi ike omi sínú àpò ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ike nìkan kò tó. Ọ̀pọ̀ ọmọ, pàápàá àwọn ọmọbìnrin, ló ń mọ̀ọ́mọ̀ yẹra fún omi ní ilé-ìwé nítorí pé ilé ìtọ̀ ibẹ̀ dọ̀tí, kò ní ilẹ̀kùn, tàbí pé olùkọ́ kì í jẹ́ kí wọ́n jáde. Ẹ bi ọmọ yín nípa èyí tìfẹ́tìfẹ́, kí ẹ sì gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé òbí àti olùkọ́, nítorí pé bí ilé ìtọ̀ kò bá dára, ike omi yóò máa padà wálé ní kíkún. Kí olùkọ́ fi àkókò omi mímu sáàárín iṣẹ́ méjì, kí ó má dúró de òùngbẹ.

Àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní ilẹ̀ Yúróòpù sọ ní ọdún 2010 pé ọmọ ọdún 4 sí 8 nílò omi lítà 1.6 lóòjọ́, nínú oúnjẹ àti ohun mímu lápapọ̀. Bí a bá yọ ìdá kan nínú márùn-ún tí oúnjẹ ń mú wá, ó kù bí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà méjì ààbọ̀ tó jẹ́ sẹ́ńtílítà 50. Oòrùn ilẹ̀ wa, ọyẹ́, eré sísá, àti dídúró pẹ́ ní Ojúde Ọba nínú aṣọ tó wúwo ń béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gàárì Ìjẹ̀bú tí a fi omi tútù rẹ náà ń fi omi kún ara, ṣùgbọ́n ẹ dín ṣúgà rẹ̀ kù. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò kò lè rọ́pò omi. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ó máa mu ún, kí ẹ má rọ ọ́ sí i lọ́nà ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìtọ̀ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n: bó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, omi kò tó. Ìkókó tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò gbọ́dọ̀ mu omi rárá, ọmú nìkan ni tirẹ̀. Ọmọ tó ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde nílò omi ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ojú ọmọ bá jìn wọnú, tí ó ń sunkún láìsí omijé, tí kò tọ̀ fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, tàbí tí oorun ń kùn ún lọ́nà tí kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.