Ẹ mú ohùn wọn dọ́gba ná: bí a ṣe ń fi DAC méjì wéra nínú ilé

Ìbéèrè tí àwọn tó ń gbé rédíò àti áńpílífáyà wá fún mi tún ṣe ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ń bi mí jù lásìkò yìí ni, "Bàbá, nínú DAC méjèèjì yìí, èwo ló dùn jù?" Wọ́n á ti ra ọ̀kan ní Kútọnu, ọmọ wọn á sì ti fi òmíràn ránṣẹ́ láti Faransé. Wọ́n á tò wọ́n sórí tábìlì, wọ́n á ní kí n fetí sí i. Mítà tí a fi ń wọn iná ni mo máa ń kọ́kọ́ nawọ́ mú.

Fún ẹni tí kò tíì rí i rí: orin inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà lásán ni. CD tó jáde lọ́dún 1982 ń ka nọ́ńbà 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún apá òsì, iye kan náà fún apá ọ̀tún. DAC ló ń sọ wọ́n di iná tí áńpílífáyà lè gbé fún sípíkà. Fóònù yín ní tirẹ̀ nínú. Èyí tí mò ń sọ ni àpótí kékeré tó dá dúró, tó ní ojú USB lẹ́yìn pẹ̀lú ihò pupa àti funfun tí wáyà RCA ń wọ̀.

Etí ènìyàn fẹ́ràn èyí tó bá ké jù. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti ń wá. Tí ìyàtọ̀ náà bá pọ̀, ẹ ó mọ̀ pé ọ̀kan ń pariwo. Tó bá kéré, ohun tí ẹ ó gbọ́ ni pé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mọ́ sí i, pé akọrin súnmọ́ yín, ẹ ó sì lè fi Kùránì tàbí Bíbélì búra. Bẹ́ẹ̀ fóòtì (volt) 2 ni ọ̀pọ̀ DAC ń gbé jáde láti ihò RCA, òmíràn ń gbé 2.2. Ìyẹn nìkan ti sún mọ́ dB kan (dB ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó). Ihò XLR, ihò ńlá oníhò mẹ́ta, máa ń tó fóòtì 4, ó fi dB 6 ju RCA lọ. Wáyà kékeré Apple tó ń so USB-C mọ́ ihò íápíìsì náà, DAC ni, kò sì burú rárá. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù kì í ju nǹkan bí ìdajì fóòtì lọ, nítorí òfin tí wọ́n fi ń dáàbò bo etí; ti Amẹ́ríkà tó fóòtì 1. Èyí tó bá ẹrù Faransé wọlé sí ọ̀dọ̀ wa ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ẹni tó bá so ó mọ́ áńpílífáyà, tó fi wé àpótí olófóòtì 2 bẹ́ẹ̀ lásán, ti dájọ́ kó tó gbọ́ ẹjọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kan láti Kétu, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, gbé méjì wá. Ó ní, "Àbúrò, tọwọ́ òsì yìí, ṣe ni ó dà bíi pé wọ́n jókòó tì mí." Mo fi mítà wò ó: tọwọ́ òsì ló ga. Nígbà tí mo sọ wọ́n dọ́gba, tí mo yí i sí èkejì, ó jókòó títí, ó ní, "Ṣé o ò tíì yí i ni?"

Bí ẹ ó ṣe dọ́gba rẹ̀ nìyí. Mítà aláwọ̀ ìyeyè kékeré tó wà lápò gbogbo oníṣẹ́ iná wa kò lè ṣe é: lápá AC (iná tó ń lọ tó ń bọ̀), fóòtì 200 ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, fóòtì 2 kò já mọ́ nǹkan lójú rẹ̀. Ẹ wá èyí tó ní 2 àti 20 lápá AC. Ẹ fi Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí kì í gba owó, ṣe ìró kan ṣoṣo tó dúró ní 100 Hz (ó ń gbọ̀n ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Ọ̀pọ̀ ìwé ní kí ẹ lo 1,000 Hz, ṣùgbọ́n mítà olówó pọ́ọ́kú kì í ka ohun tó bá ti kọjá 400 dáadáa. Ẹ so DAC méjèèjì mọ́ ihò méjì lẹ́yìn áńpílífáyà, ká ní CD àti AUX, wáyà irú kan náà. Ẹ dá bass àti treble padà sí àárín, ẹ pa loudness. Ẹ yí fólúmù dé ibi tí ẹ ti máa ń gbọ́ orin, kí ẹ sì lẹ téépù mọ́ ọn kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má kàn án mọ́.

Ẹ wá kan ẹnu mítà mọ́ ojú pupa àti dúdú tí wáyà sípíkà wọ̀, sípíkà náà yóò wà níbẹ̀. Ẹ ṣọ́ra kí irin méjèèjì má kan ara wọn, áńpílífáyà lè jó. Tí ohun tí ẹ rí bá ti wà lábẹ́ fóòtì 2, ẹ yí mítà sí 2, yóò fi nọ́ńbà mẹ́ta hàn yín lẹ́yìn àmì. Ká ní ọ̀kan ka 1.320, tí èkejì ka 1.250. Ẹ fà èyí tó ga wálẹ̀ láti inú kọ̀ǹpútà, tàbí lára òun fúnra rẹ̀ tó bá ní fólúmù, títí yóò fi wà láàárín 1.24 sí 1.26. Ìyàtọ̀ tó ṣẹ́kù kò tó ìdá mẹ́wàá dB kan, etí kò ní rí i mú.

Ẹ pa gbogbo "enhancement" (ohun tó ń yí ohùn padà) inú Windows. Ẹ sì rí i pé DAC méjèèjì wà lórí 44,100 bí orin bá jẹ́ ti CD, torí Windows ń fi tirẹ̀ pamọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì lè má dọ́gba. Tí ẹ bá rí ẹ̀rọ CD àtijọ́ tó ní ojú optical (oníìmọ́lẹ̀) àti coaxial (oníwáyà) lẹ́yìn, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ nù: ọ̀pọ̀ wọn ń gba ojú méjèèjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. DAC kan lórí optical, èkejì lórí coaxial, ẹ kàn ń yí áńpílífáyà ni. Ìyẹn dára ju kí ẹ máa fa USB yọ, torí etí kì í pẹ́ gbàgbé.

Orin tí ẹ ti mọ̀ dénú ni kí ẹ lò. Àpàlà ni tèmi. Mo máa ń yan ibi kúkúrú tí agídìgbo ti dá nìkan sọ̀rọ̀ kí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó wọlé, mo sì ń ṣọ́ bí ahọ́n irin rẹ̀ ṣe ń kú lọ lẹ́yìn tí àtàǹpàkò ti fi í sílẹ̀. Àwo àtijọ́ ní ariwo tirẹ̀ o, ẹ má dá DAC lẹ́bi rẹ̀.

Ẹ kọjú sí ògiri. Ẹlòmíràn ni yóò máa yí i. Ẹyọ 100 sẹ́fà ni ìyàwó mi máa ń jù sókè: ojú tó ní nọ́ńbà jẹ́ DAC kan, ojú kejì jẹ́ èkejì. Ó ń kọ tirẹ̀ sílẹ̀, mo ń kọ tèmi, a kì í sọ̀rọ̀. (Tó bá ti ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń ní kó lọ síta ná.) Ẹ ṣe é ní ìgbà 16. Ẹni tó bá gbà á ní 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó máa gbọ́ nǹkan lóòótọ́, torí ẹni tó ń méfò lásán kì í dé 12 ju bí ìgbà 4 nínú 100 lọ. Ẹni tó gba 9, kó gbé owó rẹ̀ sápò.

Ọ̀pọ̀ tó bá jókòó síbẹ̀, kò ní dé 12. DAC òde òní tí wọ́n bá ṣe dáadáa, ohùn kò fi bẹ́ẹ̀ yà wọ́n. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ chip tà á fún yín. Nígbà tí iná jó ilé iṣẹ́ AKM, tó ń ṣe chip inú DAC, ní Nobeoka, ní Japan, ní oṣù kẹwàá 2020, àwọn tó ń ṣe DAC kan gbé chip ti ESS, ilé iṣẹ́ mìíràn, sí i, wọ́n sì ń tà á lọ.

Ibi tí mo ti ń rí ìyàtọ̀ gidi ni ìlò. Ẹ dá orin dúró, ẹ gbé fólúmù sókè, ẹ gbé etí sún mọ́ sípíkà. Tó bá ń kùn, ẹ yọ ṣájà kọ̀ǹpútà kúrò. Tí kíkùn náà bá lọ, DAC kò jẹ̀bi. Ilé tí kò ní wáyà ilẹ̀ ló fà á, wọ́n sì pọ̀ ní Àjàṣẹ́. Optical yóò wò ó sàn, ìmọ́lẹ̀ ni ó ń gbé, kì í gbé iná. Ẹ gbọ́ bóyá ó ń ró "pà!" nínú sípíkà tí ẹ bá tàn án. Ẹ wo ohun tó ń jẹ: DAC olófóòtì 5 yóò máa ṣiṣẹ́ lórí powerbank nígbà tí SBEE, ilé iṣẹ́ mànàmáná wa, bá mú iná lọ, ẹ ó sì rí ṣájà rẹ̀ ní ọjà Ouando. Èyí tó ń lo àdápítà AC, tí kì í ṣe DC, bí àdápítà náà bá jó, ẹ ó wá a tì.

Tí méjèèjì bá yege, ẹ mú èyí tí owó rẹ̀ kéré. Owó tó bá ṣẹ́kù, sípíkà ni kí ẹ ná an lé. Ẹ fi ìka tẹ fóòmù tó yí kónù ká jẹ́jẹ́: tó bá ń wó lulẹ̀ bí àkàrà gbígbẹ, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀.