Lẹ́tà Tó Di Àwòrán, Àwọ̀ Tó Ń Gbọ̀n: Bí A Ṣe Ń Ya Pósítà Eré Orin Ayé Psychedelic Lórí Kọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá fẹ́ ya pósítà eré orin tó jọ èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri ní ìlú San Francisco láàárín ọdún 1966 sí 1968 sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà láti ìparí. Yóò ṣí sọ́fítíwíà rẹ̀, yóò wá fọ́ǹtì tó rí wọ́gọwọ̀gọ, yóò da gbogbo àwọ̀ òṣùmàrè lé e lórí, yóò sì fi fílítà tó ń lọ́ àwòrán po gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ohun tó máa jáde yóò kún fún àwọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní mú ẹni tó ń kọjá lọ dúró. Ohun méjì ló gbé pósítà ayé psychedelic ró, ìyẹn ìgbà tí orin àti àwòrán ń fara wé ìran tí oògùn tó ń yí ojú padà ń mú wá: lẹ́tà tó di àwòrán, àti àwọ̀ méjì tí ìmọ́lẹ̀ wọn dọ́gba débi pé ojú kò mọ èyí tó yẹ kó gbájú mọ́. Ẹni tó bá mọ méjèèjì í ṣe lè fi sọ́fítíwíà tó rọrùn jù lọ ya pósítà tó dára. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n ṣe, ẹgbẹ̀rún fílítà kò lè gbà á.

Ó yẹ ká mọ ibi tí ọnà yìí ti wá, nítorí pé ìmọ̀ náà wúlò lẹ́nu iṣẹ́. Gbọ̀ngàn méjì ló gbajúmọ̀ jù nínú ìtàn rẹ̀: Fillmore Auditorium, níbi tí Bill Graham ti ń gbé eré orin kalẹ̀, àti Avalon Ballroom, tí Family Dog, ẹgbẹ́ tí Chet Helms ń darí, ń lò. Wes Wilson, tó ya ọ̀pọ̀ pósítà fún Fillmore, rí irú lẹ́tà tí ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Alfred Roller kọ ní ìlú Vienna ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, lẹ́tà tó ki tó sì fún pọ̀ bíi bíríkì. Ó mú un wú, ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, títí ó fi ń jó bí ahọ́n iná. Bonnie MacLean ló gba iṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀ ní ọdún 1967. Stanley Mouse àti Alton Kelley ní tiwọn a máa tú inú ìwé àtijọ́: egungun òkú tó dé adé òdòdó róòsì, tí wọ́n lò fún ẹgbẹ́ olórin Grateful Dead ní ọdún 1966, jẹ́ àwòrán tí Edmund J. Sullivan ti yà sínú ìwé ewì kan ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú. Victor Moscoso, ayàwòrán pósítà mìíràn, sì kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Yale, níbi tí Josef Albers ti ń kọ́ni nípa àwọ̀. Òfin tó bá nílé ẹ̀kọ́ ni pé kí pósítà tètè ṣeé kà, kí àwọ̀ rẹ̀ má sì máa ta ojú. Ó yí òfin méjèèjì padà sódì, ìyípadà yẹn gan-an ni a sì fẹ́ kọ́.

Nípa sọ́fítíwíà, èyí tó bá wà lọ́wọ́ yín ti tó. Ọ̀fẹ́ ni GIMP, Krita àti Inkscape. Owó là ń san fún Photoshop. Inkscape dára púpọ̀ fún lẹ́tà, nítorí pé ìlà ló fi ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe píkísẹ́lì, ìyẹn àwọn ẹ̀kán àwọ̀ kéékèèké tó ń para pọ̀ di àwòrán, nítorí náà bí a tilẹ̀ mú lẹ́tà tóbi tó ògiri, etí rẹ̀ kò ní rí gbágungbàgun. Ẹ ṣí ojú iṣẹ́ tó fẹ̀ ní íǹṣì 14 tó sì ga ní íǹṣì 20, nítorí pé ìwọ̀n ọ̀pọ̀ pósítà ìgbà náà kò jìnnà sí èyí, kí ẹ sì fi píkísẹ́lì 300 sí íǹṣì kọ̀ọ̀kan. Yóò jẹ́ píkísẹ́lì 4200 ní ìbú àti 6000 ní òró.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé kọ̀ǹpútà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ mú bébà àti pẹ́ńsùlù. Ẹ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó gbọ́dọ̀ wà lórí pósítà sílẹ̀: orúkọ àwọn olórin, gbọ̀ngàn, ọjọ́, aago àti owó ìwọlé. Ẹ pín wọn sí ọ̀nà méjì, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ẹ lè lọ́ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé kà, àti ọ̀rọ̀ tó gbọ́dọ̀ hàn kedere. Orúkọ olórin wà ní apá kìíní, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ràn orin wọn yóò fara balẹ̀ tú u. Ọjọ́ àti ibi eré wà ní apá kejì, nítorí pé ẹni tó bá ṣi ọjọ́ kà yóò bá ilẹ̀kùn ní títì.

Àṣírí lẹ́tà yìí ni pé àyè ló ń ṣáájú, lẹ́tà ń tẹ̀ lé e. Bí a bá ń kọ̀wé lásán, lẹ́tà là ń kọ, àyè tó bá ṣẹ́ kù a sì wà láàárín wọn bó ṣe wù ú. Níhìn-ín, ẹ kọ́kọ́ ya ohun tí lẹ́tà máa kún inú rẹ̀: ó lè jẹ́ ahọ́n iná, irun tí atẹ́gùn ń fẹ́, ìyẹ́ labalábá, tàbí òbìrìkìtì tó yí ojú ènìyàn ká. Ẹ fi ìlà tó wọ́ pín inú rẹ̀ sí ọ̀nà tóóró tóóró, kí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan gba ọ̀rọ̀ kan, kí ẹ sì tún pín ọ̀nà náà sí iye lẹ́tà tó wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan yóò wá wú títí yóò fi kan ògiri àyè tirẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín lẹ́tà kan àti èkejì gbọ́dọ̀ rí tín-ín-rín, kí fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn fi ọ̀bẹ la odindi nǹkan kan sí wẹ́wẹ́. Ihò inú O tàbí A kì í ṣe ihò gidi mọ́. Ó ti di ojú tí a dì, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lásán. Ibi tí ẹ ó ti pẹ́ jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí nìyí, ẹ má sì jẹ́ kí ó sú yín, nítorí pé ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ máa gbìyànjú kí ọ̀kan tó jókòó dáadáa.

Ẹni tó bá ń kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tilẹ̀ ní àǹfààní kan tí àwọn ayàwòrán San Francisco kò ní. Àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà, tó máa ń yọ ayàwòrán lẹ́nu nínú iṣẹ́ mìíràn, wúlò gan-an níbí. Ẹ lè fa àmì òkè inú ọ̀rọ̀ bíi ÒṢÙPÁ gùn kí ó tẹ̀ lé ibi tí iná ń jó lọ, kí àmì abẹ́ Ṣ sì di ẹ̀kán omi tó dí àyè tó ṣófo nísàlẹ̀. Ẹ má yọ wọ́n kúrò.

Nígbà tí iṣẹ́ pẹ́ńsùlù bá ti tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ gbé e sínú sọ́fítíwíà, kí ẹ sì jẹ́ kí ó ṣá títí yóò fi hàn fírífírí. Ìpele tí sọ́fítíwíà ń pè ní layer ni ẹ ó máa to iṣẹ́ lé lórí. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ kí ọ̀rọ̀ má baà dojú rú. Lórí ìpele tuntun, ẹ fi irinṣẹ́ Paths ti GIMP, tàbí Pen ti Photoshop àti Inkscape, tọ ẹsẹ̀ pẹ́ńsùlù náà. Ẹ má fi kókó púpọ̀, ìyẹn àwọn ibi tí ẹ ti ń tẹ irinṣẹ́ kí ìlà lè yí, sí ara ìlà: kókó mẹ́rin tó wà ní ipò tó yẹ ń bí ìlà tó dán ju èyí tí ogún kókó ń bí lọ.

Ọ̀nà àbùjá kan wà, ìyẹn ni kí ẹ fi fọ́ǹtì tó ki kọ ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ sọ ọ́ di ìlà, kí ẹ sì fi Warp ti Photoshop fà á wọ inú àyè rẹ̀. N kò sọ pé kò dára. Àléébù rẹ̀ ni pé àti ara lẹ́tà àti àlàfo tó wà láàárín wọn ló jọ máa ń fà pọ̀, nítorí náà ibi tí lẹ́tà bá ti wú ni àlàfo náà ti máa fẹ̀, kíá sì ni ojú máa mọ̀ pé fọ́ǹtì ni wọ́n nà. Bí ẹ bá gba ọ̀nà yìí, ẹ padà fi ọwọ́ fa kókó kọ̀ọ̀kan títí àlàfo yóò fi dọ́gba.

Àwòrán àárín kò ní ìnira tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wá fọ́tò tí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo wọ inú rẹ̀, kí ó jẹ́ èyí tí ẹ yà fúnra yín tàbí èyí tí ẹ ní ẹ̀tọ́ láti lò. Ẹ fi Gaussian Blur mú un rọ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ lo Threshold, tó ń sọ gbogbo àwòrán di dúdú àti funfun láìsí eérú láàárín. Nọ́ńbà ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 255. Ẹ máa fà á síwá sẹ́yìn títí ojú, imú àti ẹnu yóò fi yọ láìjẹ́ pé òjìji gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mì. Ìdí tí a fi kọ́kọ́ mú un rọ̀ ni kí etí òjìji lè yípo, kí ó bá lẹ́tà tó wú yẹn mu. Ẹ wá so àwòrán pọ̀ mọ́ lẹ́tà: kí irun orí di ọ̀rọ̀, kí òjìji ọrùn di ibi tí ìlà àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọ̀ wá kù. Ohun tó ń mú kí ojú máa rí i bí ẹni pé àwọ̀ méjì ń gbọ̀n ni pé wọ́n dojú kọ ara wọn nínú irú àwọ̀, bíi pupa àti àwọ̀ ewé, tàbí búlúù àti àwọ̀ ọsàn, síbẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn dọ́gba. Ìmọ́lẹ̀ ni ojú fi ń mọ etí nǹkan. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá ti yàtọ̀, ojú kò rí ibi tó máa fẹsẹ̀ lé. Kọ̀ǹpútà ń fi nọ́ńbà mẹ́ta pe àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìwọ̀n pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, láti 0 dé 255. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn mú pupa tó dán jù lọ, 255, 0, 0, kí ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ ewé tó dán jù lọ, 0, 255, 0. Àwọ̀ ewé yẹn mọ́lẹ̀ ju pupa lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀, nítorí náà wọn kò ní bá ara wọn jà rárá. Bí ẹ bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí 0, 148, 0, méjèèjì yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ojú yín yóò sì sọ fún yín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Fún àwọ̀ mìíràn, ẹ dán an wò báyìí. Ẹ ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ yín, kí ẹ lo Desaturate nínú GIMP, tó ń sọ àwọ̀ di eérú, kí ẹ sì yan Luminance. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀, torí pé Lightness àti Luma wà nítòsí rẹ̀, ìṣirò wọn sì yàtọ̀. Pupa àti àwọ̀ ewé tí mo mẹ́nu bà yìí kò ní dọ́gba lójú wọn. Nínú Photoshop, ẹ yí ẹ̀dà náà sí Lab Color, ètò tó ya ìmọ́lẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀, kí ẹ sì wo Lightness tirẹ̀ nìkan. Bí lẹ́tà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá sínú eérú, ẹ ti rí i mú. Ẹ má fi ìlà dúdú yí lẹ́tà ká, ẹ má sì fi òjìji sí i lẹ́yìn, nítorí pé àwọn ni yóò la ìjà tí ẹ fẹ́ kí àwọ̀ méjèèjì máa jà. Àwọ̀ mẹ́ta tó. Ìkẹta ni kí ẹ pa mọ́ fún ọjọ́ àti ibi eré, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá, bíi àwọ̀ ìpara (funfun tó fara jọ yẹ́lò) lórí búlúù tó dúdú, kí ojú lè sinmi níbẹ̀ kí ó sì kàwé.

Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọ̀ kan máa yọ́ sínú òmíràn, ẹ rántí bí àwọn atẹ̀wé ṣe ń ṣe é: wọn a da yíǹkì méjì sínú agbada kan náà lára ẹ̀rọ, èyí tí wọ́n ń pè ní split fountain, yíǹkì náà a sì pò pọ̀ láàárín. Nítorí náà ìyípadà náà máa ń lọ gbọọrọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Gradient tó yípo bí ojú oòrùn kò bá ìgbà náà mu.

Mo fẹ́ kìlọ̀ nípa sísọ pósítà di ogbó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi ìlà bébà tó ká, àbàwọ́n àti eruku bò ó, bí ẹni pé inú àjà ni wọ́n ti yọ ọ́. Pósítà wọ̀nyí mọ́ tónítóní ní ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ wọ́n. Ohun tó yẹ kéré: kí funfun jẹ́ àwọ̀ ìpara díẹ̀, kí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan wà lórí ìpele tirẹ̀ pẹ̀lú Multiply, kí yíǹkì lè hàn gba inú ara wọn kọjá, kí ẹ sì ti ìpele kan sí ẹ̀gbẹ́ ní píkísẹ́lì mẹ́ta sí márùn-ún, bí ìgbà tí bébà yẹ̀ díẹ̀ lórí ẹ̀rọ.

Kí ẹ tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ẹ tẹ ẹ̀dà kan wò, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí ẹ sì pe ẹnì kan tí kò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Bí ó bá ka ọjọ́ àti ibi eré kíá, tó sì dúró tú orúkọ olórin fún ìgbà díẹ̀, ó ti dára. Bí kò bá lè tú u rárá, lẹ́tà àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ náà ni kí ẹ tún ṣe, nítorí pé ẹni tó bá ti mọ lẹ́tà àkọ́kọ́ sábà máa ń rí ìyókù. Ẹ wo àwọ̀ orí bébà náà dáadáa, torí pé yíǹkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò lè gbé gbogbo àwọ̀ tó ń tàn lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ tún ìmọ́lẹ̀ wọn mú dọ́gba lórí bébà, kì í ṣe lójú ẹ̀rọ nìkan.

Ẹ fi fáìlì tó ní gbogbo ìpele nínú pa mọ́. Fún ìtẹ̀wé, PDF tàbí TIFF ni kí ẹ fi ránṣẹ́, pẹ̀lú mìlímítà mẹ́ta ní àlékún ní etí kọ̀ọ̀kan fún ibi tí ọ̀bẹ máa gé. Fún orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lo PNG. JPEG sábà máa ń dín ìsọfúnni àwọ̀ kù ju ti ìmọ́lẹ̀ lọ, ó sì jẹ́ pé àwọ̀ nìkan ló ya lẹ́tà yín sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀yìn rẹ̀. Etí tí ẹ fi ọjọ́ púpọ̀ yà yóò rọ̀ bí òwú. Bí ó bá di dandan kí ẹ lo JPEG, ẹ yan 4:4:4, tí kì í dín ìsọfúnni àwọ̀ kù báyìí, níbi tí GIMP ti ń béèrè nípa subsampling, ìgbọ̀n náà yóò sì wà bó ṣe wà.