Bí mo ṣe pààrọ̀ pákó àti kápẹ́ẹ̀tì tírélà ọkọ̀ ojú omi wa n'Ífẹ̀

Pákó méjì tí ọkọ̀ wa máa ń jókòó lé lórí tírélà ti jẹrà, kápẹ́ẹ̀tì ti ya, orí bóòtù irin tó de pákó mọ́ tírélà sì ń ha abẹ́ ọkọ̀ bí a bá ń gbé e lọ sí dáàmù Ọ̀pá. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ kápẹ́ẹ̀tì, omi ṣí i. Mo kàn án níṣòó, ìṣó dípẹtà.

Pákó ìrókò ló yanjú ẹ̀. Káfíńtà kan ní Lágere fẹ ẹnu ihò bóòtù lára pákó náà títí orí bóòtù fi rì sínú igi pátápátá. Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Mo fa kápẹ́ẹ̀tì tuntun le dan-in, mo fi sùkúrù tí kì í dípẹtà dè é lábẹ́ nìkan. Mo fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀ kómi lè máa ro jáde.

Ọkọ̀ tiwa fúyẹ́ o. Bí tiyín bá wúwo, ẹ lo pákó tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ.