Àṣìṣe àwa oníròyìn nípa ogún tí ìdíje ńlá ń fi sílẹ̀

Tí wọ́n bá ti dárúkọ ìdíje ńlá kan, a ti mọ ohun tí a máa gbọ́ lórí rédíò ní Àkúrẹ́: yóò mú iṣẹ́ wá, yóò tún ọ̀nà ṣe, yóò sọ àwọn ọmọ wa di eléré ìdárayá. Èmi náà ti kọ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ rí, ó sì ń dùn mí. “Yóò” yìí gan-an ni àṣìṣe tó burú jù nínú iṣẹ́ wa: a máa ń kọ ọ́, a kì í padà lọ wo bóyá ó ṣẹ.

Ẹ̀yin oníròyìn ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má ka pápá ìṣeré tuntun sí ogún tí ìdíje fi sílẹ̀. Ẹ wo ti Àbújá, tó gba nǹkan bí 60,000 ènìyàn, tí wọ́n kọ́ fún ìdíje eré ìdárayá gbogbo Áfíríkà ọdún 2003. Nígbà tó yá, koríko rẹ̀ bàjẹ́ débi pé Super Eagles ń lọ gbá bọ́ọ̀lù níbòmíràn. Ti Súrùlérè ní Èkó ńkọ́? Ibẹ̀ la ti na Algeria ní 3–0, tí a gba ife Áfíríkà ní 1980. Ìgbà tó yá, wọ́n pa á tì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kì í ṣe pé wọn ò kọ́ wọn dáadáa. Ìtọ́jú ni kò sí. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí pápá, kámẹ́rà máa ń pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi ń gé koríko, tí wọ́n fi ń bomi rin ín, tí wọ́n fi ń ra epo jẹnẹrétọ̀, ta ló ń ya fọ́tò rẹ̀? Kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ni kí ẹ ti béèrè ẹni tí yóò máa san án ní ọdún karùn-ún.

Iye owó tí wọ́n bá ní ìdíje máa mú wọlé, ẹ má kọ ọ́ bíi pé ó ti wọlé. Ìlérí ni.

Ẹ má sì kánjú dájọ́. Ìlú Montreal ní Kánádà ṣe Òlíńpíìkì ní 1976, ọdún 2006 ni wọ́n tó san gbèsè pápá rẹ̀ tán. Oníròyìn tó kọ “ó kẹ́sẹ járí” lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n parí rẹ̀, kí ló mọ̀? Bí ìnáwó ló rí: lẹ́yìn tí wọ́n bá tú kánópì la tó ń mọ gbèsè. Ẹni tó sọ pé gbogbo ìdíje ló ń ba ìlú jẹ́ náà ṣì í. Ìlú Barcelona ní Sípéènì jèrè Òlíńpíìkì 1992, etíkun rẹ̀ ṣí fún ará ìlú, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní ètò àtúnṣe ìlú lọ́wọ́ kí ìdíje tó dé. Ẹni tó bá fẹ́ kí Àkúrẹ́ dà bíi Barcelona, kó sọ apá yẹn pẹ̀lú.

Pápá ìṣeré ìpínlẹ̀ wà ní Àkúrẹ́ níbí. Ẹ lọ wò ó lọ́sẹ̀ yìí: koríko, ìjókòó, omi ẹ̀rọ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ bá àwọn tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, kí ẹ fi ọjọ́ sí i, kó tó di pé ẹnì kan tún wá sọ fún wa pé ìdíje ńlá ń bọ̀.